Pípààrọ̀ Òrùlé Ilé Listed ní England: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ilé listed ni ilé tí wọ́n ti kọ sínú ìwé ìjọba pé ó níye lórí nítorí ọjọ́ orí rẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, tàbí ìtàn tó rọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá ra irú ilé bẹ́ẹ̀, tàbí ìjọ tó ra ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tàbí gbọ̀ngàn sinimá tí wọ́n ti pa tì, kì í pẹ́ kó tó kan ọ̀rọ̀ òrùlé. England nìkan ni ìdáhùn wọ̀nyí wà fún. Àwọn orílẹ̀-èdè yòókù ní UK ní òfin tiwọn, a ó fẹnu bà á níwájú.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ilé mi wà lára wọn?

Ẹ lọ sórí National Heritage List for England lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tẹ àdírẹ́sì tàbí postcode ilé yín síbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Bí ilé náà bá wà níbẹ̀, ẹ ó rí ipò rẹ̀: Grade I, Grade II* tàbí Grade II. Nínú ilé 100 tó wà nínú ìwé náà, bíi 92 ló jẹ́ Grade II. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé òfin Grade II rọ̀. Òfin kan náà ló mú gbogbo wọn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé fún Grade I àti Grade II*, káńsù gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu Historic England, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ilé àtijọ́, kó tó dá yín lóhùn.

Àpèjúwe tí wọ́n kọ nípa ilé yín lè má ju ìlà méjì lọ, ó sì lè má dárúkọ òrùlé rárá. Ìyẹn ò yọ òrùlé sílẹ̀. Gbogbo ilé ni òfin dì mú, inú àti ìta, títí kan igi tó wà lórí àjà. Ilé ẹṣin, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìnkùlé tàbí ògiri tó ti wà nínú ọgbà ilé náà ṣáájú ọjọ́ 1 oṣù Keje 1948 sábà máa ń bá a lọ pẹ̀lú.

Kí ilé wà ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní conservation area kò sọ ọ́ di listed. Ìlànà mìíràn ló wà fún ìyẹn.

Ṣé gbogbo iṣẹ́ orí òrùlé ló gba àṣẹ?

Rárá. Òfin tó wà nídìí rẹ̀ ni Planning (Listed Buildings and Conservation Areas) Act 1990. Ohun tó sọ ni pé ẹ nílò listed building consent, ìyẹn àṣẹ káńsù, fún iṣẹ́ yòówù tó bá máa kan ìwà ilé náà gẹ́gẹ́ bí ilé àtijọ́ tó níye lórí. Bí síléètì (òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bo òrùlé) mẹ́wàá bá yọ̀, tí ẹ sì fi mẹ́wàá irú rẹ̀ gan-an dí i, àtúnṣe lásán nìyẹn, kò gba àṣẹ. Bí ẹ bá fẹ́ kó síléètì kúrò kí ẹ fi táìlì sí i, ó gba àṣẹ, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Àárín méjèèjì ni wàhálà wà: kíkó gbogbo òrùlé sílẹ̀, kí ẹ sì fi irú ohun kan náà bò ó padà. Káńsù kan á ní àtúnṣe ni, èkejì á ní ó gba àṣẹ. Ẹ kọ̀wé béèrè, kí ẹ sì gba èsì ní kíkọ, nítorí ìdáhùn orí fóònù kò ní gbà yín sílẹ̀ bí òṣìṣẹ́ náà bá ti kúrò níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ìwé tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ju lẹ́tà lọ, ẹ béèrè fún Certificate of Lawfulness of Proposed Works, ìwé tó jẹ́rìí pé iṣẹ́ náà kò gba àṣẹ. Ọ̀sẹ̀ 6 ni káńsù ní láti fi dáhùn.

Gbólóhùn "like for like" (irú kan náà dípò irú kan náà) ti kó ọ̀pọ̀ onílé sí ìjàngbọ̀n. Ẹni tó ń ta síléètì ilẹ̀ Sípéènì á sọ pé like for like ni, torí pé òun náà dúdú. Conservation officer, òṣìṣẹ́ káńsù tó ń mójú tó ilé àtijọ́, ò ní gbà. Lójú tirẹ̀, gbogbo nǹkan wọ̀nyí ló ń yí ìwà òrùlé padà, bí àwọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ jọra: táìlì tí ẹ̀rọ ṣe dípò èyí tí wọ́n fọwọ́ mọ, síléètì tó dọ́gba látòkè délẹ̀ dípò èyí tó tóbi ní etí òrùlé tó ń kéré bó ṣe ń gòkè, ike tí wọ́n fi kásẹ̀ etí òrùlé dípò sìmẹ́ńtì tàbí lime (ẹfun tí wọ́n fi ń mọlé látijọ́), gọ́tà ike dípò gọ́tà irin, àti òrùlé tó ga sókè sí i torí pé wọ́n fi nǹkan amúlémóoru sábẹ́ síléètì.

Bí mo bá ṣe é láìgbàṣẹ ńkọ́?

Ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìtanràn kékeré. Ilé ẹjọ́ lè sọ èèyàn sẹ́wọ̀n ọdún 2, kò sì sí òṣùwọ̀n fún iye owó ìtanràn. Adájọ́ máa ń wo èrè tí ẹni náà jẹ tàbí tó fẹ́ jẹ nínú iṣẹ́ náà kó tó pinnu iye owó. "Mi ò mọ̀ pé ilé náà jẹ́ listed" kì í ṣe àwíjàre. Ẹni tó ní kí wọ́n ṣe é àti agbaṣẹ́ṣe tó ṣe é, àwọn méjèèjì ni òfin lè mú.

Ẹni tó ta ilé fún mi ló pààrọ̀ òrùlé láìgbàṣẹ. Kí ló kàn mí níbẹ̀?

Wọn ò ní fi ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn náà kàn yín. Ṣùgbọ́n káńsù lè fún yín ní ìwé tí wọ́n ń pè ní listed building enforcement notice, pé kí ẹ dá òrùlé padà sí bó ṣe wà, lówó ara yín. Ìwé yìí kò ní gbèdéke ọdún. Ohun tí wọ́n ṣe ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ṣì lè jáde. Kí ẹ tó rà, kí lọ́yà yín fi àpèjúwe ilé àti fọ́tò àtijọ́ wé òrùlé tó wà lórí rẹ̀ báyìí. Bí àpèjúwe bá sọ pé síléètì ló wà lórí rẹ̀, tí ẹ wá ń wo táìlì kọnkéré, ẹ béèrè ìwé àṣẹ.

Òjò ti ń wọlé báyìí, mi ò lè dúró de ìwé káńsù.

Ẹ fi tapólì bò ó, kí ẹ gbé báàfù sábẹ́ ibi tó ń jò, kí ẹ sì pe káńsù lọ́jọ́ náà. Bíbo ilé fún ìgbà díẹ̀ kì í sábà fa ọ̀rọ̀. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí igi fẹ́ já, òfin ní àwíjàre kan fún iṣẹ́ pàjáwìrì, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé: iṣẹ́ náà jẹ́ kánjúkánjú nítorí ààbò, ìlera tàbí kí ilé má bàa bàjẹ́, gbígbé igi tì í tàbí bíbò ó fún ìgbà díẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́, ohun tó kéré jù lọ tó yẹ ní ṣíṣe nìkan ni ẹ ṣe, ẹ sì kọ̀wé sí káńsù ní kíá láti ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kùnà ní ẹsẹ̀ kejì àti ìkẹta. Ẹni tí igun kan ń jò mọ́ lórí tó wá ṣí gbogbo òrùlé kò lè pe ìyẹn ní pàjáwìrì.

Ta ni kí n kọ́kọ́ kàn sí?

Kì í ṣe agbaṣẹ́ṣe. Sọ̀fíyọ̀ tàbí ayàwòrán ilé tó mọ ilé àtijọ́ dunjú ni. RICS (ẹgbẹ́ àwọn sọ̀fíyọ̀) àti RIBA (ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ilé) ní orúkọ àwọn tó ní ìwé ẹ̀rí pàtàkì fún ilé àtijọ́. Bí igi òrùlé bá ti tẹ̀, ẹ fi ẹnjiníà kún un. Society for the Protection of Ancient Buildings, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1877, náà máa ń fún onílé nímọ̀ràn.

Lẹ́yìn tí sọ̀fíyọ̀ bá ti wo òrùlé, ẹ béèrè fún pre-application advice, ìmọ̀ràn kí ẹ tó fi ìwé ránṣẹ́, lọ́dọ̀ káńsù. Ọ̀pọ̀ káńsù ń gbowó fún un, owó náà sì tó sí i. Ohun tó ń ṣe fún yín ni pé ẹ ó ti mọ̀ kí ẹ tó ná owó lórí àwòrán bóyá conservation officer máa gba ohun èlò tí ẹ ní lọ́kàn. Láti ọjọ́ tí sọ̀fíyọ̀ kọ́kọ́ gun òkè títí di ọjọ́ tí síléètì àkọ́kọ́ máa kúrò, ẹ má ṣe retí kó dín ní oṣù 6. Bí àdán bá wà níbẹ̀, ó lè lé ní ọdún kan.

Ìwé wo ni mo máa fi ránṣẹ́?

Orí ìkànnì Planning Portal ni ẹ ti máa fi í ránṣẹ́ sí káńsù. Ohun tí káńsù sábà máa ń béèrè nìwọ̀nyí:

- fọ́ọ̀mù, àti ìwé ẹ̀rí ẹni tó ni ilé. Bí ẹlòmíràn bá ní ìpín nínú ilé, bíi freeholder (ẹni tó ni ilẹ̀ gan-an) tàbí ẹni tí lease (ìwé ìháyà) rẹ̀ ṣì ku ọdún 7 sókè, Certificate B ni ẹ máa kọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi tó o létí;
- máàpù 1:1250 tí wọ́n fi ìlà pupa yí ilé náà ká, àti block plan (àwòrán ilé àti àyíká rẹ̀) 1:500 tàbí 1:200;
- àwòrán òrùlé bó ṣe wà àti bó ṣe máa rí, ní 1:50 tàbí 1:100, látòkè àti láti ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan;
- àwòrán ńlá, 1:5 tàbí 1:10, fún etí òrùlé, ṣóńṣó rẹ̀, ibi tí òrùlé méjì ti pàdé, àti ìdí ṣímínì;
- heritage statement (àlàyé lórí iyì ilé náà), àti design and access statement (àlàyé bí ẹ ṣe ṣètò iṣẹ́ náà àti bí èèyàn ṣe ń wọlé); wọ́n lè wà nínú ìwé kan náà;
- àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ní ẹsẹẹsẹ: kí ni wọ́n máa kó kúrò, kí ni wọ́n máa dá padà, kí ni wọ́n máa rà;
- fọ́tò, àti ìròyìn lórí àdán.

Àwòrán ńlá wọ̀nyẹn ni àwọn èèyàn máa ń fò, òun náà sì ni káńsù fi ń dá ìwé padà. Láti ojú títì, òrùlé tuntun àti ti àtijọ́ lè jọra. Ìdí ṣímínì àti etí òrùlé ni a ti ń rí i pé wọ́n fi ike àti sìmẹ́ńtì rọ́pò òjé àti lime.

Kí ni wọ́n ń wá nínú heritage statement?

Wọ́n fẹ́ mọ ohun tó wà lórí ilé náà báyìí, ọjọ́ orí rẹ̀, ìdí tó fi ṣe pàtàkì, àti èwo nínú rẹ̀ ni iṣẹ́ yín máa mú kúrò. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ ìtàn ìdílé tó kọ́ ilé náà ní ojú ìwé mẹ́rin, wọ́n á wá kọ ìlà méjì lórí òrùlé. Ẹ yí i padà. Àìní ìtàn kọ́ ló ń mú káńsù sọ pé rárá; àìmọ iye ohun àtijọ́ tó máa sọnù ni.

Nítorí náà, ẹ gun orí àjà tẹ̀yin ti iná. Bí ẹ bá tan iná sí igi òrùlé láti ẹ̀gbẹ́, ojú àáké tí wọ́n fi gbẹ́ igi oak á hàn bí ìgbì kéékèèké. Igi tí wọ́n fi ayùn ẹ̀rọ là á ní ìlà tó dọ́gba. Ní oríkèé igi, ẹ wá àmì tí káfíńtà fá síbẹ̀, I, II, III, IIII, tí wọ́n fi mọ igi tó bá ara wọn mu nígbà tí wọ́n ń gbé òrùlé dìde. Ẹ wo bóyá èèkàn igi ló so oríkèé náà pọ̀ tàbí ìṣó. Ẹ wo abẹ́ síléètì: bóyá lime tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ irun ẹran ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, tàbí felt dúdú (aṣọ nípọn tí wọ́n fi bítúmẹ́nì kùn) ló wà níbẹ̀, èyí tó fi hàn pé wọ́n ti ṣí òrùlé náà rí láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Ẹ ya fọ́tò ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí àwòrán.

Ẹ kọ ìdí tí òrùlé fi kùnà gan-an. Nígbà púpọ̀, síléètì ò ṣe nǹkan kan. Ìṣó irin tó mú un ló ti dípẹtà tán. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin ò nílò síléètì tuntun fún gbogbo òrùlé, ẹ nílò ìṣó tuntun, igi batten (igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń kan síléètì mọ́) tuntun, àti ìwọ̀nba síléètì tí ẹ máa fi dípò èyí tó fọ́. Káńsù á fọwọ́ sí irú èyí wàràwàrà.

Kí ló dé tí wọ́n fi takú pé síléètì ilẹ̀ Wales ni kí n rà? Ti ilẹ̀ òkèèrè wọ́n dín.

Òótọ́ ni pé ó wọ́n dín. Ṣùgbọ́n ibi tí òkúta ti wá ló ń pinnu àwọ̀ rẹ̀, bó ṣe nípọn tó, àti bí ojú rẹ̀ ṣe máa rí lẹ́yìn ogún ọdún. Síléètì Penrhyn ní àwọ̀ elése àlùkò. Ọ̀pọ̀ nínú ti Cumbria jẹ́ àwọ̀ ewé. Ti Collyweston, ní ìhà Northamptonshire, òkúta ẹfun ni, kì í tilẹ̀ ṣe síléètì gidi. Àwọn síléètì òkèèrè kan ní irin nínú tó máa ń dípẹtà, tí àmì pupa á máa ṣàn wálẹ̀ lójú òrùlé. Bí owó bá ń dí yín lọ́wọ́, ẹ kó èyí tó dára nínú ti àtijọ́ sí ojú tó kọjú sí títì, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ conservation officer bóyá á gba tuntun sí ẹ̀yìn. Wọ́n sábà máa ń gbọ́ èyí.

Síléètì àlòkù tí wọ́n ń tà lọ́jà dára bí ẹ bá lè mọ ibi tó ti wá. Ẹ fi ìka kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tó dá ṣáṣá á dún bí agogo, èyí tó ti sán nínú á dún kú.

Síléètì tàbí táìlì mélòó ni mo máa rà?

Gígùn síléètì ni ẹ máa kọ́kọ́ yọ ibi tí ọ̀kan ti gun èkejì lórí kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ wá fi 2 pín in. Síléètì 500 × 250 mm tó gun ara wọn ní 90 mm: 500 dín 90 jẹ́ 410, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 205 mm. Ìyẹn fún yín ní bíi 19.5 nínú m² kan. Táìlì amọ̀ pẹlẹbẹ, 265 × 165 mm tó gun ara wọn ní 65 mm, ìdajì rẹ̀ 100 mm, á jẹ́ 60 nínú m² kan.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n wọn òrùlé látorí pláànù, bí ẹni pé ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Òrùlé tó gba 85 m² lórí pláànù, tó dagun ní 45°, tó 120 m² lójú òrùlé gan-an. Síléètì 2,340 ló máa gbà, kì í ṣe 1,660. Táìlì pẹlẹbẹ á jẹ́ 7,200. Ẹ fi bíi 10% lé e fún èyí tó máa fọ́ àti èyí tí wọ́n máa gé. Táìlì tí wọ́n fọwọ́ mọ kì í wà nílẹ̀ púpọ̀, ẹ tètè fi orúkọ sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ẹ má sanwó tán kí káńsù tó fọwọ́ sí àpẹẹrẹ rẹ̀.

Táìlì kọnkéré ló ti wà lórí rẹ̀. Ṣé mo lè fi kọnkéré tuntun sí i?

Ẹ lè béèrè, ṣùgbọ́n ẹ wo igi òrùlé ná. Síléètì wúwo tó bíi kg 25 sí 35 nínú m² kan. Táìlì kọnkéré lè tó kg 45 sí 55. Igi tí wọ́n gbé fún síléètì lọ́dún 1830 tó wá ń ru ìlọ́po ẹrù rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń tẹ̀, á sì máa ti orí ògiri síta. Bí ẹ bá rí i pé ṣóńṣó òrùlé ti kọ́ bí ẹ̀yìn ẹṣin, ibi tó ti wá nìyẹn. Òfin ìkọ́lé ka ẹrù tó fi ju 15% lọ sí i sí àyípadà pàtàkì tí ẹnjiníà gbọ́dọ̀ wò. Káńsù sábà máa ń fọwọ́ sí kí wọ́n dá síléètì padà láìjanpata, torí ó ń tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Kí ẹnjiníà wo ọ̀rọ̀ atẹ́gùn náà: òrùlé tó bá fúyẹ́ sí i nílò irin tó máa so ó mọ́ ògiri.

Ṣé listed building consent nìkan ló tó?

Kì í sábà tó. Building Regulations, ìyẹn òfin ìkọ́lé, yàtọ̀ pátápátá, ẹ̀ka mìíràn ló ń mójú tó o. Bí ilé náà bá jẹ́ fúláàtì, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé iṣẹ́, tí òrùlé tuntun sì máa yí bí ilé ṣe rí láti ìta padà, ó lè gba planning permission (àṣẹ ìkọ́lé) pẹ̀lú.

Ní abẹ́ Building Regulations, bí ẹ bá tún ju ìdajì òrùlé kan bò, wọ́n á fẹ́ kí ẹ fi amúlémóoru sí i. Àmọ́ òfin náà gbà pé ilé listed lè má dé òṣùwọ̀n bí ìyẹn bá máa ba ìwà ilé jẹ́. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ tẹ́ òwú amúlémóoru, bíi 270 mm, sórí àjà, kí ẹ sì fi àyè bíi 50 mm sílẹ̀ ní etí òrùlé kí atẹ́gùn máa wọlé. Bí ẹ bá dí àyè yẹn, omi á máa kóra jọ sára igi tó tutù, igi á sì máa jẹrà. Fóòmù tí wọ́n máa ń fín sábẹ́ síléètì, ẹ sá fún un. Kò ní jẹ́ kí igi mí, síléètì tó bá ti lẹ̀ mọ́ ọn kò ṣeé lò mọ́, ọ̀pọ̀ báńkì ò sì ní yáni lówó lórí ilé tó bá wà níbẹ̀.

Àdán mélòó ló lè dá iṣẹ́ dúró?

Ẹyọ kan. Gbogbo irú àdán tó wà ní England ni òfin ń dáàbò bò, ibi tí wọ́n ń sùn náà sì wà lábẹ́ ààbò bí wọn ò tilẹ̀ sí níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹ̀wọ̀n oṣù 6 àti owó ìtanràn tí kò ní òṣùwọ̀n ló wà nídìí rẹ̀.

Onímọ̀ máa kọ́kọ́ wo orí àjà lọ́sàn-án. Èyí ṣeé ṣe nígbàkígbà nínú ọdún. Bó bá rí ìgbẹ́ àdán tàbí ìyẹ́ labalábá tí wọ́n jẹ kù, á ní láti padà wá lálẹ́, láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹsàn-án, láti ka èyí tó ń jáde. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá á dúró di oṣù Karùn-ún ọdún tó ń bọ̀, kò sí ọgbọ́n tó lè yí i. Òun la ṣe ń sọ pé àdán ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó ya àwòrán kankan. Bí wọ́n bá wà níbẹ̀, Natural England, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo ẹranko àti igbó, ló ń fún èèyàn ní láísẹ́nsì.

Ó tún kan ohun tí ẹ máa tẹ́ sábẹ́ síléètì. Àwọn felt ìgbàlódé tó ń mí máa ń hú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí àdán ń há sí, tó sì ń kú sí. Níbi tí àdán bá wà, felt oníbitumen irú 1F tó ní àpò ìdọ̀họ nínú ni wọ́n sábà máa ń béèrè.

Solar ńkọ́? Fèrèsé òrùlé ńkọ́?

Méjèèjì gba àṣẹ. Ẹ fi solar sí ojú òrùlé tí ẹnikẹ́ni ò rí láti ìsàlẹ̀, tàbí sórí ilé kékeré inú ọgbà. Fèrèsé gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú síléètì, kó má yọrí.

Ìjọ wa ló ni ilé náà. Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì kì í ṣe ohun tó yàtọ̀?

Ó yàtọ̀ fún àwọn kan. Ìjọ Áńgílíkà ti England, Kátólíìkì, Mẹ́tọ́díìsì, United Reformed Church, Baptist Union of Great Britain àti Baptist Union of Wales ní ètò ìgbàṣẹ tiwọn, tí wọ́n fi ń yẹra fún listed building consent. Àwọn nìkan ni. Ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì, Kérúbù, Sẹ̀lẹ́sítíà àti Àpọ́sítélì kò sí nínú rẹ̀. Kódà bó bá jẹ́ ọwọ́ ìjọ Áńgílíkà lẹ ti ra ilé náà, ẹ̀tọ́ yẹn kò bá ilé náà wá. Ọwọ́ káńsù lẹ bọ́ sí láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti rà á. Ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́ nínú ìjọ gbọ́dọ̀ mọ èyí kí wọ́n tó kéde ọrẹ òrùlé, torí ọjọ́ tí wọ́n máa dá fún ìyàsímímọ́ kì í bá ọjọ́ káńsù mu.

Lórí ṣọ́ọ̀ṣì, òjé ló sábà máa ń wà níbi tó tẹ́, olè sì fẹ́ràn òjé. Bí wọ́n bá jí i, ẹ má kàn fi felt rọ́pò rẹ̀. Káńsù máa ń gba irin tí kì í dípẹtà tí wọ́n fi ìpele irin tí wọ́n ń pè ní terne bò, níbi tí olè bá ti ń padà wá, torí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti òjé tí kò sì níye lórí lójú olè. Bó bá jẹ́ òjé lẹ máa dá padà, ẹ kọ Code rẹ̀ sínú ìwé: Code 4 nípọn ní 1.80 mm, Code 7 ní 3.15 mm. Òjé tí wọ́n gé gùn jù, oòrùn á máa fà á, òtútù á máa sún un, yóò sì ya láàárín.

Èló ni owó ìwé àṣẹ?

Ọ̀fẹ́ ni listed building consent ní England. Owó àwòrán, sọ̀fíyọ̀ àti onímọ̀ àdán ló ń wọ́n. VAT 20% wà lórí iṣẹ́ náà. Ìdẹ̀ra tó wà fún àyípadà sí ilé listed tẹ́lẹ̀ ti dópin láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 2012, nítorí náà bí agbaṣẹ́ṣe bá sọ fún yín pé kò sí VAT, ẹ ní kó fi òfin rẹ̀ hàn yín.

Báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó, bí wọ́n bá sì kọ̀ ńkọ́?

Ọ̀sẹ̀ 8 láti ọjọ́ tí káńsù bá gbà pé ìwé yín pé, kì í ṣe láti ọjọ́ tí ẹ fi ránṣẹ́. Wọ́n á fún aládùúgbò ní ọjọ́ 21 láti sọ tẹnu wọn. Bí conservation officer bá pè yín ní ọ̀sẹ̀ kẹfà pé kí ẹ yí nǹkan kan padà, ẹ dá a lóhùn kíá; ìwé tí wọ́n tún ṣe dára ju ìwé tí wọ́n kọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ẹ ní oṣù 6 láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lọ́dọ̀ Planning Inspectorate, àjọ ìjọba tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, ẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín ọdún 3.

Wọ́n ti fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n wọ́n kọ àwọn ìlànà kan sísàlẹ̀. Ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀?

Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí wọ́n bá ti kọ pé kí iṣẹ́ kan má bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó rí ohun kan, wọ́n fi ìdè sí iṣẹ́ náà. Lórí òrùlé, wọ́n sábà máa ń fẹ́ rí àpẹẹrẹ síléètì, àwọ̀ lime, àti ojú òrùlé bíi mítà kan lóròó, mítà kan níbùú, tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀ fún wọn láti wá wò. Rírú ìlànà wọ̀nyí jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan náà pẹ̀lú iṣẹ́ tí kò ní àṣẹ.

Kí ló máa ń bàjẹ́ nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀?

Wọ́n á ṣí síléètì, wọ́n á bá igi mẹ́ta tó ti jẹrà ní ẹsẹ̀, káfíńtà á sì fa gbogbo igi náà yọ láàárín wákàtí kan. Kò sí nínú ìwé àṣẹ. Ẹ sọ ọ́ sínú àdéhùn pé bí wọ́n bá rí ohun tí kò sí nínú ìwé, iṣẹ́ dúró níbẹ̀, fọ́tò á lọ sí káńsù lọ́jọ́ náà. Ohun tí wọ́n sábà máa ń fọwọ́ sí ni kí wọ́n gé ibi tó jẹrà nìkan, kí wọ́n so igi oak tuntun mọ́ ọn.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ju síléètì sílẹ̀. Kí wọ́n tò ó lóòró, ní ìtóbi ìtóbi, sórí pákó. Ìṣó bàbà ni kí wọ́n fi kàn án, kì í ṣe irin. Kí wọ́n má sì kàn án wọnú jù, torí ibẹ̀ ni síléètì tuntun ti ń sán. Scaffold tí wọ́n fi ìṣó ńlá dè mọ́ ògiri àtijọ́ lè gba àṣẹ fúnra rẹ̀. Ẹ béèrè èyí tó máa dá dúró. Bí felt tàbí síléètì onísìmẹ́ńtì bá wà níbẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún asbestos kí ẹnikẹ́ni tó gé e.

Ilé mi ò sí ní England.

Ní Scotland, A, B àti C ni wọ́n ń pe ipò ilé. Wales ní òfin tirẹ̀, Historic Environment (Wales) Act 2023. Northern Ireland ní A, B+, B1 àti B2. Káńsù ni ẹ ṣì máa kọ́kọ́ lọ bá, ṣùgbọ́n ẹ má gbé ọjọ́ àti ọ̀sẹ̀ tí a kọ síbí lọ bá wọn.

Iṣẹ́ ti parí. Ìwé wo ni kí n fi pamọ́?

Ìwé àṣẹ, lẹ́tà káńsù lórí ìlànà kọ̀ọ̀kan, ìwé Building Regulations, láísẹ́nsì àdán, fọ́tò ṣáájú iṣẹ́ àti lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ ibi tí síléètì ti wá àti ìtóbi rẹ̀. Ẹ tọ́jú bíi ogójì síléètì tó ṣẹ́kù sínú ilé, kí àtúnṣe ọjọ́ iwájú lè bá èyí tó wà lókè mu. Lọ́yà ẹni tó bá fẹ́ ra ilé náà á béèrè ìwé wọ̀nyẹn kó tó béèrè ohunkóhun.